Láti Yaba Dé Ketu: Fọ́ọ̀mù Kọ́ọ̀sì Àwa Oníkẹ́mísírì

Ní àdúgbò wa yìí, láti Ojota dé Mile 12, ọmọ tó ń ka kẹ́mísírì pọ̀, àmọ́ èyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn án kò tó nǹkan. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, tàbí ìmọ̀ oògùn pípò. Máàkì kò tó, yunifásítì ní kẹ́mísírì ló kù, ìyá ní kí ọmọ gbà á, pé ó sàn ju kó jókòó sílé lọ. Mi ò bá ìyá bẹ́ẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá tún ayé wá, òun náà ni n ó ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tí kò fẹ́ kẹ́mísírì tẹ́lẹ̀ á wá máa yan kọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń sá fún òjò: èyí tó rọrùn, èyí tí olùkọ́ rẹ̀ lawọ́ sí máàkì, èyí tí kò ní ìṣirò nínú. Ìgbà tó bá di ọdún kẹrin, tó ní òun fẹ́ lọ ka másítà tàbí PhD, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi mí bóyá ohun tí òun kà tó.

Ilé mi kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Ikosi. Yíyẹ oúnjẹ àti omi wò ní láàbù ni mo fi ń jẹun, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," wọ́n á jókòó, wọ́n á na fọ́ọ̀mù sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú tí CGPA mi kò fi ní já wálẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Ibo lo fẹ́ kí ìwé yẹn gbé ẹ dé?" Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tàbí ti ọ̀dà ní kọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí títí tí yóò fi di ọ̀mọ̀wé, ohun kan ni mo máa ń sọ fún un: kọ́ọ̀sì tó o bá sá fún lónìí, o máa bá a lókè òkun. Má ṣe sá fún ìṣirò, má ṣe sá fún physical chemistry, kí ọwọ́ rẹ sì mọ ẹ̀rọ kan dunjú kó o tó jáde.

Kì í ṣe òní ni àwa ará Èkó ti ń bèèrè bóyá wọn yóò gba ìwé wa níta. Ẹni tó bá wọ BRT ní Mile 12 tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Fadeyi ti sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1932 ni ìjọba òyìnbó dá Yaba Higher College sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìṣègùn, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá ààlà Nàìjíríà. Kì í ṣe dígírì. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, igbákejì ni yóò máa ṣe fún òyìnbó lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú lára. Ọ̀kan nínú ohun tó mú Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934 nìyẹn, ẹgbẹ́ tó wá di Nigerian Youth Movement lẹ́yìn náà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn kan ti bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì wa kí àwọn òbí wọn tó dáyé.

Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yaba ló kọ́kọ́ wọ University College Ibadan. London ló ń fọwọ́ sí dígírì wọn, ìlànà London ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣa kọ́ọ̀sì kò fi bẹ́ẹ̀ sí. O mú kẹ́mísírì, o mú ẹ̀kọ́ tó bá a rìn, o sì gbàdúrà fún ìdánwò ìparí. Kò rọrùn, àmọ́ ẹni tó bá yege, kò sí ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò bi í pé kí lo kà. Ibadan gba òmìnira tirẹ̀ ní 1962, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó tó wà ní Akoka sílẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí láti ìgbà yẹn ni Donald Ekong, tó wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Port Harcourt. Ibadan ló wà ní 1967 nígbà tó gbé èròjà kan jáde láti inú ewé dóńgóyárò, èròjà tí à ń pè ní nimbolide. Ewé tí àwọn ìyá wa ń sè fún ibà! Títí di òní, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Éṣíà ṣì ń yẹ nimbolide wò lórí àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn náà máa ń rò pé organic chemistry nìkan ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi ọtí fa ewé títí yóò fi rí ìyẹ̀fun funfun kan nínú ìgò. Láti sọ bí àwọn átọ̀mù inú ìyẹ̀fun náà ṣe so kọ́ra, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, fisíìsì àti ìṣirò ló sì ń gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìlànà London kúrò, ti yúníìtì dé. Láti 1985 ni òfin ti gbé agbára lé NUC, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì, lọ́wọ́ láti máa sọ ohun tó kéré jù tí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ. Wọ́n gbé ìwé ìlànà BMAS jáde ní 2007, wọ́n sì gbé CCMAS jáde ní December 2022: ìpín 70 nínú 100 láti ọ̀dọ̀ NUC, ìpín 30 láti ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n kà á. CHM 101 àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Organic, inorganic, physical àti analytical, dandan ni gbogbo wọn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn kéré gan-an, yúníìtì bíi mélòó kan ni lọ́dún. Nítorí pé ó kéré ni kò fi yẹ kéèyàn fi í ṣòfò. Mo ti rí fọ́ọ̀mù ọmọ tó gba ìpele kìíní tó jẹ́ pé gbogbo kọ́ọ̀sì àṣàyàn rẹ̀ láti ọdún kejì dé ọdún kẹrin, kò sí ọ̀kan tó bá kẹ́mísírì tan.

Ìgbà tí èmi wọ yunifásítì, ètò ọrọ̀ ajé SAP ti dé. Ìjọba Babangida gbé e dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, kẹ́míkà tí à ń rà láti òkè òkun di góòlù. Ní yunifásítì tí mo lọ, a pọ̀ lórí bùrẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni méjì ló ń ṣe é, àwọn tó kù ń da èsì kọ. Mo pinnu pé ọwọ́ mi ni yóò máa wà lórí kọ́ọ̀kì yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì gbà fún mi nítorí pé ó ń sú wọn. Alkali ń kán láti òkè, acid ń bẹ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán phenolphthalein kan tàbí méjì. Àwọ̀ òdòdó rẹ́súrẹ́sú á yọ níbi tí alkali bá bọ́ sí, bó o bá mi ìgò á pòórá. Á tún yọ, á tún pòórá, á máa pẹ́ sí i kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán kan ṣoṣo á bọ́, àwọ̀ náà á sì dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ibẹ̀ ni kó o ti dá ọwọ́ dúró. Bó bá ti pupa yòò, o ti kọjá, kó o da á nù. Gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá tí mo lò lẹ́yìn náà, sùúrù yẹn ni mo gbé lọ bá wọn.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní physical chemistry ló pè mí lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní kí n lọ mú linear algebra lọ́dọ̀ àwọn onímátíìsì. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn ni. Àwa tí a wá láti ẹ̀ka kẹ́mísírì kò pọ̀ níbẹ̀, àwọn onímátíìsì sì ń wò wá bí àlejò. N ó sọ ohun tó ṣe fún mi. Ẹ wo afẹ́fẹ́ carbon dioxide: átọ̀mù mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan, carbon láàárín, oxygen lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbà gbọ̀n. Bí oxygen méjèèjì bá jọ ń jáde tí wọ́n tún jọ ń wọlé, ẹ̀rọ infrared kò ní rí ìgbọ̀n náà rárá. Bí ọ̀kan bá ń wọlé nígbà tí èkejì ń jáde, tàbí tí mọ́líkù náà bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ̀rọ á rí i, ìmọ́lẹ̀ infrared á di gbígbà mú. Gbígbà mú yẹn wà lára ohun tó ń mú ayé wa gbóná sí i. Kí ló dé tí ọ̀kan fi farasin tí àwọn tó kù fi hàn? Matrix àti group theory ló dáhùn. Ẹni tí kò mọ linear algebra á há ìdáhùn náà sórí, á kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á lè ṣe é fún mọ́líkù tí kò rí rí, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí, ẹni kejì yìí ni wọ́n ń wá.

Bákan náà ni differential equations fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìyípadà kẹ́míkà ṣe ń yára tó. Sítátísíìsì náà wà níbẹ̀: ẹni tí kò lè sọ bí àṣìṣe inú òǹkà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, òǹkà náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní ayé òde òní, mo fi kọ̀ǹpútà kún un. Python kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan mọ́. Ẹ̀rọ ń tú òǹkà jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ẹni tó ń fi ọwọ́ kà á kò ní bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìyá mi ta èso ní Ketu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n, inú àpò ló ń dì í sí, á di ẹnu rẹ̀, á fi nǹkan bò ó. Afẹ́fẹ́ ethylene tí èso fúnra rẹ̀ ń tú jáde á há sínú àpò náà, á sì mú kí gbogbo rẹ̀ pọ́n pọ̀. Ìyá mi kò mọ orúkọ ethylene, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ni kábáìdì dé ọjà èso káàkiri orílẹ̀-èdè, òkúta eérú-eérú tí àwọn wẹ́dà ń lò. Èèyàn á wé e mọ́ bébà, á fi í sáàárín èso, á da tapolíìnì bò ó. Ọ̀rinrin inú èso á kàn án, acetylene á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Acetylene ń ṣe bí ethylene. Ara èso á pọ́n yẹ́lò láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì le. Òórùn bí aáyù tó máa ń bá a jáde, phosphine ni, nítorí pé kábáìdì ọjà kì í mọ́. Phosphorus àti arsenic a máa wà nínú rẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ títí ẹnu fi bó.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ọdún kẹrin: ṣé arsenic inú kábáìdì ń kọjá èèpo dé inú èso? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń mú àkòrí tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti ṣe sílẹ̀, kí wọ́n lè tètè parí. Èmi lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ atomic absorption bẹ̀bẹ̀ fún ààyè. Ìdáhùn tí mo rí kò tó nǹkan lójú onímọ̀ ńlá. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń kọ̀wé wá ààyè ìwádìí, ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ẹni tó fèsì fún mi ń bi mí lé lórí. Kò sí ẹni tó bèèrè CGPA mi kọ́kọ́. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ Mile 12 pé kí wọ́n má lọ wá àkòrí jìnnà. Tòmátì tó ń bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ kó tó ti òkè ọya dé, kẹ́mísírì ni. Ẹ̀wà tí wọ́n fi dichlorvos pa kòkòrò inú rẹ̀, tó mú kí àjọ European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015, kẹ́mísírì ni. Omi dúdú tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ààtàn Olusosun ní Ojota ńkọ́?

Lókè òkun, ohun tí wọ́n ń wò kò jọra. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè ti ibi dígírì àkọ́kọ́ bọ́ sí PhD kẹ́mísírì tààrà, wọ́n á sì máa san owó fún un torí pé yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní láàbù. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bó o ṣe ń gúnlẹ̀ ni ìdánwò ń dúró dè ọ́, lórí organic, inorganic, physical àti analytical, kí wọ́n lè mọ ibi tó o kù sí. Ìgbà yẹn ni ọmọ tó fi C bọ́ nínú physical tí kò bìkítà máa ń pè mí lóru. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́mísírì níbẹ̀ ti pa ìdánwò ìgbàwọlé GRE tì, nítorí náà àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà àwọn olùkọ́ ló kù tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ní Jámánì, yunifásítì ìjọba púpọ̀ kì í gba owó ilé ìwé, àmọ́ wọ́n á kó kọ́ọ̀sì rẹ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé ti ọmọ wọn. Bí ìṣirò bá dín, wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ lọ kà á. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ni MSc, owó rẹ̀ sì pọ̀, àfi kéèyàn rí ẹ̀bùn bíi ti Commonwealth.

Lẹ́tà yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn nígbà tí wọ́n bá ń yan kọ́ọ̀sì. Nínú kíláàsì tí èèyàn bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta jókòó sí, olùkọ́ kò lè mọ̀ ọ́. Nínú kọ́ọ̀sì tó le tí ẹni mẹ́wàá péré mú, yóò mọ orúkọ rẹ, yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó o bá ṣàìsàn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mú kọ́ọ̀sì náà.

Ìgbà IT, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ iṣẹ́ níta, náà tún wà. Láti 1973 ni àjọ ITF ti gbé ètò rẹ̀, SIWES, kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí iṣẹ́ níta. Mo ti rí ọmọ kẹ́mísírì tó lo gbogbo àkókò náà nídìí fọtokópì ní ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé Ketu ló sún mọ́ ibi rere jù: ilé ìwádìí FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà ní Oshodi, láàbù NAFDAC wà ní Oshodi kan náà, ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR wà ní Yaba, àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà, oògùn àti ohun mímu sì kún Oregun, Ilupeju àti Ikeja. Kí ó tètè kọ̀wé, kí ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn bó bá gbà bẹ́ẹ̀. HPLC tàbí gas chromatography tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ̀ níbẹ̀, kò sí kíláàsì tó lè fún un. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti February dé October 2022, àwọn méjì nínú àwọn ọmọ tó ń wá bá mi padà lọ bẹ ibi tí wọ́n ti ṣe IT kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa wá láìgbowó. Àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu PhD báyìí.

Èyí tó wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ọmọbìnrin ni, láti Agboyi. Ọdún kẹta ló wà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí omi Dámù Ọ̀yàn, Odò Ògùn á kún wọ Agiliti, Ajegunle àti ẹ̀yìn ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí omi náà ń gbé bọ̀ láti Owode-Onirin, níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù: lead ni, cadmium ni, àbí kí ni? Ó fẹ́ ṣe é dé PhD. Kọ́ọ̀sì ẹ̀rọ ìyẹ̀wò wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, sítátísíìsì wà níbẹ̀, differential equations ni kò sí. Ó ní bí òun bá fi í kún un, yúníìtì òun á kọjá 24, wọn kò sì ní gbà. Mo ní kó yọ kọ́ọ̀sì ìtàn oge ṣíṣe kan tí ẹnìkan tì í láti mú nítorí A. Ó ń ronú sí i. A ti jọ kọ lẹ́tà sí olùdámọ̀ràn ọdún kẹta ní ẹ̀ka rẹ̀ láti bèèrè fún pàṣípààrọ̀ náà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí.